Òórùn Abẹ Ọba

Orúkọ oyè ọkùnrin náà gùn ju ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn tí àyè tán, wọ́n gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sára ògiri: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìwé-Àṣẹ Ṣọ́ọ̀bù, Ìmọ́tótó Ojú Pópó àti Gbogbo Ohun Tó Bá Ní Ẹnu Mímú. Níṣojú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kẹ̀yìn, ó di Kò-sí-irú-mi, nítorí gbólóhùn yẹn ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni tó jẹun tán tó ń fomi ṣanu. Bó bá mumi, kò sí irú rẹ̀ nínú ká mumi. Bó bá sín, akọ̀wé rẹ̀ á pàtẹ́wọ́, á ní láti ìgbà táyé ti ń sín, òun ò gbọ́ irú èyí rí.

Irunmú kan wà lórí ètè rẹ̀ tó nípọn, tó dúdú, tó ká sókè lọ́tùn-ún lósì bí ìwo àgbò. Àwọn òṣìṣẹ́ ní irunmú ọ̀hún ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, tí ọ̀gá á wá tẹ̀ lé e.

Ìyá Fárífárí ì bá máà bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ da nǹkan kan pọ̀ láyé, bí kò ṣe pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọ́fíìsì náà gan-an. Onígbàjámọ̀ ni, ọmọ onígbàjámọ̀. Àga méjì ló ní, dígí kan tó là ní igun, bẹ́líìtì awọ kan tó fi ń pọ́n abẹ, tó ń fà gbọọrọ lára òpó, àti abẹ bàbá rẹ̀. Abẹ ìgbàanì ni, irú èyí tó ń padé sínú èkù rẹ̀ bí ọ̀bẹ àpò. Bàbá rẹ̀ fi í fá àgbọ̀n ìlú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun náà sì ti ń fi í jẹun láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní ẹ̀rọ tó ń lo iná o, ṣùgbọ́n ẹni tí awọ ojú rẹ̀ bá ń wú, ẹni tó bá ń lọ gbéyàwó, ẹni tó bá kàn fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbádùn, abẹ bàbá ló ń mú sí i. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ilé bá gbiná, abẹ yẹn ni kó kọ́kọ́ gbé. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ti gbọ́, òun á gbé abẹ, òun á wá wò ó bóyá ọwọ́ òun ṣì gba èèyàn.

Báwo wá ni abẹ ṣe wọ ọ̀rọ̀ ìjọba? Ipò Olùdarí Àgbà ló ṣófo lókè. Kọmíṣọ́nà ló máa yan ẹni tí yóò bọ́ síbẹ̀, etí Kò-sí-irú-mi sì ti gbọ́ pé Kọmíṣọ́nà fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ẹlòmíràn ì bá ra àwo àtijọ́ kan kó fi ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí kò sírú rẹ̀ á ṣe bí ẹlòmíràn? Ó lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní yàrá tí wọ́n ti ń jẹun, ó ní kí wọ́n máa jẹun lórí àtẹ̀gùn, nítorí ẹni tó bá ń jẹun lórí àtẹ̀gùn ti ń gòkè nìyẹn. Ó pe yàrá náà ní Gbàgede Abẹ Àjogúnbá. Ó wá pe gbogbo onígbàjámọ̀ jọ, ó ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan mú abẹ tó dàgbà jù lọ wá kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí kò bá mú abẹ wá, kó mú ìwé-àṣẹ rẹ̀ wá.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní abẹ tó bá wà lọ́wọ́ wọn, ojú mẹ́ta mẹ́rin ló ń fá lójúmọ́, ṣùgbọ́n abẹ tó bá wà lọ́wọ́ òun, ìran èèyàn ló ń fá. Akọ̀wé nu ojú nù. Ìyá Fárífárí wo àwọn onígbàjámọ̀ tó kù, kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ó fi epo pa abẹ bàbá rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e lọ. Akọ̀wé kọ rìsíìtì fún un: "Abẹ kan. Ó ti gbó."

Abẹ ọgbọ̀n ni wọ́n kó jọ. Kò-sí-irú-mi wò wọ́n, ó ní abẹ mẹ̀kúnnù ni gbogbo wọn, òun nílò olórí tí yóò jókòó láàárín wọn. Kò tíì pa ẹnu dé tí akọ̀wé fi sọ pé òun mọ oníṣòwò ohun àtijọ́ kan.

Oníṣòwò náà dé, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣí àpótí, àpótí mìíràn wà nínú rẹ̀, ó ṣí ìyẹn, òmíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ìyá Fárífárí wá ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí òun ló wà nítòsí, kò sì ní oníbàárà. Nígbà tí abẹ wá yọjú, èkù rẹ̀ rí pupa rúsúrúsú, ó ní àwọ̀ bí oyin tí wọ́n da tíì sí. Oníṣòwò ní ìkarahun ìjàpá tó lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé ni wọ́n fi ṣe é, pé ọba kan lókè òkun ló ni ín, pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé ọba yẹn ládé ni wọ́n fi í fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wà, ọba fọwọ́ sí i. Tádàwà ìwé náà ṣì ń ràn mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dúró lórí ìyẹn, ọba lè jẹ́ ẹni tí tádàwà rẹ̀ kì í tètè gbẹ.

Ìyá Fárífárí gbà á. Ó ṣí i. Níbi tí èkù ti fara kan irin, nǹkan kan ń sun níbẹ̀ bí omi ojú, irin ibẹ̀ sì ti pọ́n. Ó gbé e sún mọ́ imú, òórùn káńfọ̀ àti ti ọtí tó ti kan jọ kọ lù ú.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èkù yìí kì í ṣe ti ìjàpá. Ike àtijọ́ ni, ó sì ti ń jẹrà. Bí irú ike yìí bá ń jẹrà, èémí rẹ̀ a máa jẹ irin. Bàbá mi ju méjì nù torí ẹ̀. Bẹ́ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn yòókù."

Oníṣòwò rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. Ó ní ìyá àwọn ò tíì gbóòórùn ọba rí ni. Ìyá Fárífárí tún ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi èékánná ta ojú abẹ náà, kóun gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì dún bíi ti irin tó yè. Oníṣòwò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá, ó ní ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, orí ọba ni wọ́n fẹ́ fi èékánná ta.

Kò-sí-irú-mi gbé abẹ sí abẹ́ irunmú, ó fa òórùn náà símú títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Òórùn àṣẹ nìyí. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbọ́ ọ."

Owó tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé ìtọ̀ ọ́fíìsì ṣe ni wọ́n fi rà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá nǹkan lọ sí ọ́fíìsì yẹn, tẹ́ ẹ sì béèrè pé níbo lẹ ti lè tọ̀, tí wọ́n fi igbó hàn yín, ẹ ti wá mọ ohun tó fà á báyìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni àṣà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ kankan tó jókòó láàárọ̀, á kọ́kọ́ lọ gbóòórùn abẹ ọba. Wọ́n á tò, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ imú sí i, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Akọ̀wé gbọ́ òórùn ìtẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó gbọ́ ti adé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, ó ti ń gbóòórùn ìgbéga ọ̀gá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì sín, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Dírẹ́bà ọ̀gá ni wọ́n yìn jù, nítorí òun ló máa ń pẹ́ jù lórí abẹ náà. Ọ̀fìnkìn ló ń bá dírẹ́bà jà, kò gbọ́ nǹkan kan láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò gbóòórùn ọba?

Ọ̀gá wá wòye pé òórùn náà ń ṣòfò sí afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n kan àpótí gíláàsì ńlá kan, kí wọ́n kó abẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú rẹ̀, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa. Ihò kékeré kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ níwájú, tó ṣe déédéé imú, wọ́n sì fi rọ́bà dí i bí ìdí ìgò. Abẹ ọba wà láàárín. Èyí tó rẹwà jù nínú ti mẹ̀kúnnù ni wọ́n fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì ti mọ èyí tí yóò jẹ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé èkù lè jẹ ọ̀bẹ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí Ìyá Fárífárí lọ yọjú sí abẹ rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó rí ẹ̀kán ìpẹtà kan lára rẹ̀ tí kò ju hóró ata lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti di mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìpẹtà ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn abẹ síhà ẹnu rẹ̀, ibi tó ti ń gé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: ìpẹtà tó bá wà lẹ́yìn abẹ, ẹwà ló bà jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá dé ẹnu tó sì jẹ ẹ́ wọnú, abẹ ti kú nìyẹn, kò sóògùn.

Ó wọlé lọ bá Kò-sí-irú-mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ ti ọba sọ́tọ̀, tàbí kí wọ́n yọ tòun, èyí tó bá rọrùn. Ọ̀gá ní ohun tó ń wò yẹn kì í ṣe ìpẹtà, ọlá ni, ọlá a máa ràn. Ó lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé ní kò le rárá, fọ́ọ̀mù kan ni yóò kọ, èèyàn mẹ́fà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni kẹrin ti fẹ̀yìn tì láti èṣí, wọn ò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má mikàn, kó ṣáà mú fọ́ọ̀mù náà dání.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ káwọn pe ẹjọ́. Ó bi í pé ta ni káwọn pè lẹ́jọ́, ìpẹtà ni? Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Àwọn tó gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní ọwọ́ rẹ̀ ò fúyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nà máa wá, Kò-sí-irú-mi wo abẹ ọba, ó ní kò dán tó. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí irunmú òun nínú rẹ̀. Wọ́n yọ abẹ náà nìkan, wọ́n gbé e lọ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń fi ẹ̀rọ dán irin táyà mọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí bírí, iná ń ta pàràpàrà, irin pọ́n, ó sì yọ àwọ̀ aró ní ẹnu. Ọ̀gá rí àwọ̀ aró yìí, inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọ̀ sánmà ló ń yọ lára rẹ̀. Ìyá Fárífárí rí i láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá, ó ṣíwọ́ iṣẹ́. Abẹ tó bá ti rí iná débi tó yọ aró, ó ti di ṣíbí. Dídán kọ́ ni mímú. Wọ́n dá ṣíbí ọba padà sínú àpótí, wọ́n tún un lẹ pa.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi aṣọ àrán bo àpótí náà láti òkè délẹ̀. Gbogbo onígbàjámọ̀ ló wà níjòókòó tipátipá. Kọmíṣọ́nà jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó wọ awò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò-sí-irú-mi ṣe ìyẹn fún un. Ó ní láti ìgbà tí èèyàn ti ń hu irùngbọ̀n ni ayé ti ń retí ọjọ́ òní. Ó ní bí abẹ bá lè sọ̀rọ̀, orúkọ òun ni yóò kọ́kọ́ pè. Ó sọ̀rọ̀ títí omi inú ife Kọmíṣọ́nà fi gbóná. Nígbà tó yá, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, wọ́n gé gọ́ọ̀mù, wọ́n gbé ìdérí, wọ́n fa aṣọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fóṣù mẹ́ta. Ìlà iwájú fi ọwọ́ bo imú. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ríran. Abẹ ọgbọ̀n, gbogbo wọn ti pọ́n rúsúrúsú bí ìṣó orí òrùlé. Ti ọba nìkan ló ń dán láàárín wọn, bí alákàrà tó bọ́ sí àárín ẹlẹ́ẹ̀dú.

Kò-sí-irú-mi wú ikọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó o. Àwọ̀ ìgbà nìyí. Ìgbà fúnra rẹ̀ ló wá kun wọ́n." Akọ̀wé pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù gbè é.

Kọmíṣọ́nà yọ awò ojú, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Èwo ni wọ́n ṣì lè fi fá nǹkan nínú wọn?"

Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tí wọ́n bi. Kò-sí-irú-mi ní ti ọba ni, pé ojú gbogbo wọn ni wọn ó ṣe fi í fá òun. Wọ́n gbé àga wá. Ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó na ìka sí Ìyá Fárífárí pé kó wá fá etí irunmú òun lápá ọ̀tún, díẹ̀ báyìí, kí ayé lè rí i.

Ìyá Fárífárí gbé abẹ náà, ó fi ẹnu rẹ̀ kan irun apá ara rẹ̀. Irun tẹ̀, ó tún dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀gá létí, ó ní, "Ọ̀gá, kò mú. Mo fi ọ̀rẹ́ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wí pé kì í fá lójú èèyàn púpọ̀."

"Fá a."

Ó wo àpótí. Abẹ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó pọ́n bí àwọn yòókù. Ó ní, "Tí mo bá fá a, ẹ ó dá tèmi padà lónìí?"

Kò-sí-irú-mi mi ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. "Gbà á, gbà á. Fá a ná."

Ó fi ọṣẹ sí i, ó rọra gbé abẹ lé e. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó ń fa koríko gbígbẹ tu. Omi bọ́ lójú ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ayọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn méjì nínú ìlà iwájú nu ojú tiwọn náà nù kí wọ́n má bàa gbẹ́yìn nínú ayọ̀. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu abẹ tó ti rọ̀ náà ká padà bí ìdérí agolo, ó gbá irunmú mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Bí obìnrin náà bá fà á sókè, ètè ọ̀gá á tẹ̀ lé e. Bó bá fà á sísàlẹ̀, imú á tẹ̀ lé e. Kò-sí-irú-mi ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ti ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, Ìyá Fárífárí mú sísọ́ọ̀sì láti àpò rẹ̀, ó gé irunmú náà mọ́ ètè, abẹ wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Apá òsì ṣì ká sókè bí ìwo àgbò. Apá ọ̀tún ti di pápá.

Kò-sí-irú-mi fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó sọ fún gbogbo ilé pé ṣé wọ́n rí i báyìí, pé abẹ náà mú débi pé ó gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akọ̀wé kígbe pé kò sí irú rẹ̀.

Kọmíṣọ́nà ní, "Ó dára. Akọ̀wé, ìwọ náà wá jókòó."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa akọ̀wé yìí: láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Ó wo àga. Ó wo irunmú tó rọ̀ sẹ́nu abẹ náà. Ó fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀.

Ó ní, "Mà, abẹ yẹn ò mú."

"Ọ̀gá rẹ ní ó mú."

"Ojú ọ̀gá nìyẹn, mà. Tèmi nìyí."

Bí òótọ́ bá ti já lẹ́nu ẹni tí kò mọ́ lára, kì í mọ ibi tí yóò dúró sí. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan, àmọ́ ó ní òórùn ọ̀hún ń fọ́ òun lórí láti oṣù mẹ́ta. Ó ní ìyá yìí ti kìlọ̀ fáwọn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ó sọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀. Ó ní oníṣòwò yẹn àna òun ni, inú yàrá òun ló sì ti kọ ìwé ẹ̀rí ọba. Dírẹ́bà náà dìde látẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n forí ji òun, òun ò gbóòórùn nǹkan kan rí.

Kọmíṣọ́nà kọ gbólóhùn méjì sínú ìwé kékeré kan. Ó yíjú sí Ìyá Fárífárí, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun òun, pé ìjọba yóò ra abẹ tuntun fún gbogbo wọn, kí wọ́n sọ irú èyí tí wọ́n fẹ́. Ìyá Fárífárí dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n ra tuntun fún àwọn yòókù, tòun nìyẹn nínú àpótí. Ó na ọwọ́, ó gbé e, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé e, ó kọjá sí òdì kejì títì.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan sún mọ́ ọn. Ó fi epo rẹ ìpẹtà, ó fi òkúta àti omi pọ́n ọn, ó rọra ń pọ́n ọn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Èyí tó wà lẹ́yìn abẹ tán, àpá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lẹ́nu tó ti jẹ wọnú. Kò sí ohun tó lè ṣe sí ìyẹn ju kó máa pọ́n irin náà sẹ́yìn títí yóò fi kọjá ihò ọ̀hún, bí irin bá ṣì kù nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e padà. Lọ́jọ́ kẹrin, ihò náà pòórá. Abẹ ti fi ìbú hóró ìrẹsì kan tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀. Ó fi èékánná ta á, ó dún. Ó fi í sára bẹ́líìtì awọ, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ohun tó kù ni ojú èèyàn, nítorí abẹ tó mú lórí awọ lè já èèyàn kulẹ̀ lórí ẹran ara.

Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà mẹ́ta ti ń dúró níta. Ẹni tó jókòó síwájú wọn fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dé lọ́jọ́ kejì àbẹ̀wò, kò sì sí onígbàjámọ̀ kan nígboro tó rí i tó lè di ọwọ́ mú, ẹ̀rín ló ń mú wọn gbọ̀n. Òun tí wọ́n ń dìde fún tẹ́lẹ̀ ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje.

Ó wọlé, ó jókòó, ó ṣí aṣọ ìnujú kúrò. Ìwo àgbò apá kan ṣoṣo náà ti ń rọ̀. Ó wo abẹ. Ó béèrè pé ṣé ó mú.

Ìyá Fárífárí ní, "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi yín wò ó."

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nà síbẹ̀ gbalaja, abẹ wà lọ́wọ́ obìnrin tó fi oṣù mẹ́ta bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ni tirẹ̀, etí rẹ̀ wà lára abẹ. Ó fà á wálẹ̀. Kò sí ohùn. Ó tún fà á, irun ń bọ́ bí ẹni ń fọwọ́ pa eruku nù, awọ abẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó fá ètè, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fá ọ̀fun. Ó mí kanlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó yẹ kí Kò-sí-irú-mi sọ̀rọ̀, oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti ọmọ ọwọ́, kò sì jọ ẹnì kankan.

Ìyá Fárífárí nu abẹ náà, ó fi epo díẹ̀ pa á, ó pa á dé. Ó wá rọra fọwọ́ kan ọkùnrin náà léjìká.

"Ẹ dìde ńbẹ̀, sà. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá jókòó."